Gángan Láàárín Orin: Àyẹ̀wò Àwọn Àwo Àkọ́kọ́ I. K. Dáíró fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Nínú ìdánwò àṣedánrawò kan tí àwọn ilé-ìwé mélòó kan ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ jọ ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú lítíréṣọ̀ alohùn, kí wọ́n sì fi àpẹẹrẹ ti àlàyé wọn lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wọn kọ ohun tí a ti kọ́ wọn: dùndún láàfin, bàtá nídìí Ṣàngó, gbẹ̀du fún ọba. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ohun tí ó yàtọ̀. Ó ní bàbá àgbà òun ní àwo I. K. Dáíró kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Salome", pé gángan a máa sọ̀rọ̀ láàárín orin náà, àwọn olórin a sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Àwa ni a yẹ ìwé ọmọ náà wò. A fa ìlà pupa sí abẹ́ àpẹẹrẹ yìí, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé orin fàájì kì í ṣe lítíréṣọ̀, a sì fún un ní òdo nínú máàkì márùn-ún.

A kò rántí ìwé náà mọ́ títí di ọjọ́ tí a lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìgàndó. Ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ràn àwo àtijọ́, ó sì ní giramafóònù tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí iná bá wà. Ó gbé "Salome" sí i. A gbọ́ ọ tán, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un gbé sí i. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, a ti mú bírò àti ìwé. Bí ọmọ náà ti kọ ọ́ gan-an ni ó rí.

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn àwo tí Dáíró ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 jẹ́ iṣẹ́ ọnà èdè kí wọ́n tó jẹ́ ohun ijó, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń darí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ohun èlò òyìnbó ti ń dún. Olùkọ́ tí ó bá kà wọ́n sí ariwo àríyá lásán ti sọ ohun tí ì bá fi kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn nù.

Àìsáyà Kẹ́hìndé Dáíró jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni a ti bí i ní 1930. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun ni ó sì kọ́kọ́ kan ìlù fún un. Kò pẹ́ púpọ̀ ní ilé-ìwé tí àìní fi mú un kúrò níbẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó ta aṣọ, ó ṣe lébìrà, ó sì ń tẹ̀ lé àwọn olórin jùjú káàkiri ní òru. Ní 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè é ní Morning Star Orchestra. Orúkọ yìí ni ó padà di Blue Spots. Ẹgbẹ́ yìí ni ó gba ipò kìíní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ jùjú díje lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ Decca gbé "Salome" jáde. Ní ọdún kejì, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá Dáíró lọ́lá, ìyẹn sì ni lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Kí á fi ojú wo àkókò náà dáadáa. Ní 1956 ni àwo ńlá àkọ́kọ́ Elvis Presley jáde ní Amẹ́ríkà. Chuck Berry náà ń fi gìtá kọrin nípa ilé-ìwé àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń jó, àwọn àgbà wọn ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́. Lónìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí àwọn àwo ìgbà náà. Dáíró kò jìnnà sí wọn lọ́jọ́ orí. Gìtá oníná wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà. Àwo pẹlẹbẹ kékeré tí kò ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojú kọ̀ọ̀kan ni òun náà ń ṣe. Ìwé tí a kọ lórí rẹ̀ ní èdè tí ó fi kọrin kò tó nǹkan. Ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà ni ó kó díẹ̀ nínú àwọn àwo kéékèèké wọ̀nyí jọ sójú kan ní 1990, tí wọ́n pe àkójọ náà ní Juju Master. Àkójọ yìí ni a ń lò ní kíláàsì, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wa kò ní jẹ́ kí àwo tirẹ̀ jáde kúrò nílé.

Kí á tó wọ inú orin náà, ó yẹ kí á tún àṣìṣe kan ṣe, nítorí pé a ti rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́. Wọ́n ní Dáíró ni ó kọ́kọ́ mú gángan wọ inú orin jùjú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jùjú ti wà ní Èkó láti àwọn ọdún 1930, ní ìgbà Túndé King, nígbà tí ó jẹ́ orin ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ní ìdí ẹmu. Christopher Waterman, ẹni tí ó kọ ìwé lórí ìtàn jùjú ní 1990, fi hàn pé nǹkan bí 1948 ni gángan wọlé. Ní àsìkò kan náà ni Àyìndé Bákàrè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá sókè. Nígbà tí iná ti gbé ohùn gìtá sókè, ó ṣeé ṣe láti kó ìlù púpọ̀ jọ láìjẹ́ pé wọ́n bo olórin mọ́lẹ̀. Ohun tí Dáíró mú wá fúnra rẹ̀ ni akọ́díọ̀nù, dùùrù kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì fà tí a sì ń tì. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó mú gángan wọlé, òun ni ó fún un ní àyè láti sọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Fún olùkọ́ èdè, èyí ṣe pàtàkì ju ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e wọlé lọ.

Orin ìfẹ́ ni "Salome". Akọ́díọ̀nù ni ó ṣíde, Dáíró fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wọlé, ohùn tí kò le, tí kò sì yára, bí ẹni tí ó mọ̀ pé obìnrin náà ń gbọ́. Àwọn elégbè gbè é. Lẹ́yìn èyí, nǹkan yí padà. Akọ́díọ̀nù yẹra. Àwọn ìlù gba ojú ọ̀nà, agogo ń ka àkókò fún wọn, gángan sì sọ gbólóhùn kúkurú kan. Àwọn olórin fi ẹnu tún gbólóhùn náà sọ. Gángan tún sọ òmíràn, wọ́n tún gbà á. Ìgbà tí èyí parí ni orin ìbẹ̀rẹ̀ padà wá, tí akọ́díọ̀nù sì tẹ̀ lé e dé òpin. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí ó ti fa ọ̀rọ̀ gùn láti kún àyè.

Apá àárín yìí ni ó mú wa. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ: ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ní: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Bí gángan bá sọ re-mí, igbá ni, ilé ni, ọkọ́ ni, ọjọ́ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí a ń sọ bọ̀ kò lè mọ èyí tí onílù ní lọ́kàn. Nítorí náà ni onílù ṣe ń lo gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, òwe tàbí oríkì, tí kò sì jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lásán. Ohun tí Dáíró ṣe ni pé ó fi ìbéèrè àti ìdáhùn sí ibì kan náà. Gángan sọ ọ́ láìsí kọ́ńsónáǹtì. Etí olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ohùn náà mu. Kí ó tó rí i tán, ẹnu ènìyàn ti sọ ọ́ fún un. A ti ń kọ dò-re-mí sí ojú pátákó láti ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a kò sì tíì rí ohun tí ó ṣe é tó báyìí.

A dán an wò ní kíláàsì SS2. A lu orin náà dé ibi tí gángan ti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, a sì dá a dúró kí àwọn olórin tó dáhùn. A ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí ìlù sọ, ohùn nìkan, kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i. Rúdurùdu ni ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé orin bàbá àgbà ni a ń lù fún àwọn, nígbà tí orin ìsinsìnyí ń dún láti ìsọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọgbà. Ní ìgbà kẹta, gbogbo wọn ti dákẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á ni ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ègùn láti Àgbádárìgì, ọmọ tí ó máa ń gba ipò ẹ̀yìn nínú àròkọ. Èdè Ègùn náà ní ohùn tirẹ̀, bóyá òun ni etí rẹ̀ fi là. Àwọn tí ó ń gbé Yorùbá sọ nílé láti kékeré ni ìdààmú bá jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kò gbọ́ ohùn. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe àmì ohùn tí a ń fìyà jẹ àwọn ọmọ lé lórí, àìgbọ́ ni ó fà á, kì í ṣe àìmọ èdè.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ orin ìjọ ní èdè Yorùbá yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ Dáíró fi ṣòro. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ orin ìjọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó. Ibi tí orin bá gòkè, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀. A ti ń kọ irú wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa kò fi gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ mọ́. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, tako èyí. Ó sì gbé ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó bí ohùn orin. Dáíró kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, níbi tí àwọn aládùúrà ti ń dá orin tiwọn sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ohun tí Phillips fi ìwé sọ, etí ni Dáíró fi mọ̀ ọ́n.

Wo akọ́díọ̀nù rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́wàá ni ó ní. Lójú olórin òyìnbó, ohun èlò tí kò pé ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohùn ni kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Phillips ti fi hàn pé ohùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ orin Yorùbá ń rìn lé lórí. Ohun tí Dáíró nílò wà nínú bọ́tìnnì mẹ́wàá náà, ó sì ṣẹ́ kù. Bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, a óò gbọ́ pé akọ́díọ̀nù yìí kì í sáré lọ síwájú láti fi ara rẹ̀ hàn. Ọ̀nà tí ẹnu máa gbà ni ó kọ́kọ́ ń là sílẹ̀. Bí ìyá ìlù bá ń ṣíwájú ẹ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí àwọn elégbè rẹ̀. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé bí wọ́n ṣe ń pín ohùn, tí àwọn kan wà lókè tí àwọn kan wà nísàlẹ̀, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti wá. A kò sẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ orin ti ṣàkíyèsí pé àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì a máa pín ohùn báyìí nínú orin ìbílẹ̀ wọn, nígbà tí púpọ̀ nínú Yorùbá yòókù ń kọ orin lóhùn kan. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì ni ilé Dáíró. Pínpín ohùn yìí kì í ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí pé ohùn méjèèjì jọ ń gòkè ni, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti sọ mí, èkejì kò ní sọ dò. A rò pé èyí ni ó jẹ́ kí àwọn olórin rẹ̀ lè tún ọ̀rọ̀ gángan sọ láìfi ohunkóhun ṣòfò.

Ẹ̀ka-èdè ni ibi tí àwa olùyẹ̀wò ti sábà máa ń yọ bírò pupa. Dáíró a máa fi oríṣiríṣi ẹ̀ka-èdè Yorùbá kọrin, ó sì tún kọrin ní àwọn èdè Nàìjíríà mìíràn. Ní ìgbà tí orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní Ìkọ̀tun àti Ìgàndó, ilẹ̀ Àwórì ni a wà, ṣùgbọ́n a lè kọ́ni ní ọdún mẹ́ta láìgbọ́ gbólóhùn Àwórì kan ní kíláàsì. Ọmọ tí ó bá sọ ọ́ yóò rò pé òun ṣe àṣìṣe ni. A fara mọ́ ọn pé Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí á fi ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́ Ìjẹ̀ṣà nínú àwo, tí a gbé jáde fún títà káàkiri, ọmọbìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá sọ fún wa pé bí ìyá òun ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí ní ojú gbogbo ènìyàn.

A kò ní ṣe bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Nínú àwọn orin tí ó sún mọ́ orin ìjọ jù, ohùn ọ̀rọ̀ a máa ṣìnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé Dáíró gbàgbé ara rẹ̀. Ó kọrin ki àwọn olówó bí àwọn olórin jùjú yòókù, ìyìn tí ó sì wà nínú irú orin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Ní ti "Ká Ṣọ́ra", àwọn kan sọ pé ó rí Ogun Abẹ́lé tẹ́lẹ̀ kí ó tó dé ní 1967. Kò sí ìdí tí a óò fi sọ ọ́ di wòlíì. Ẹni tí ó bá gbé ní Ìwọ̀-Oòrùn láti 1962 títí di 1965, tí ó rí ohun tí òṣèlú fi ojú àwọn ènìyàn rí, kò nílò ìran kí ó tó mọ̀ pé ó yẹ kí á ṣọ́ra. Dáíró tún kọrin nípa Awólọ́wọ̀ nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n, èyí sì gba ìgboyà ju àsọtẹ́lẹ̀ lọ.

Olùkọ́ kan tí a bọ̀wọ̀ fún bi wá pé ta ni ó ni lítíréṣọ̀ alohùn. Ó ní ìjálá kò ní olówó, ṣùgbọ́n àwo Dáíró ní ẹni tí ó ni ín, ó ní ọjọ́ tí a ṣe é, ilé-iṣẹ́ sì tà á gba owó. Ìbéèrè tí ó dára ni. A dá a lóhùn pé Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gbé ewì sínú àwo, a mọ ọjọ́, a mọ owó, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó sọ pé ewì wọn kì í ṣe lítíréṣọ̀. Ó ní ewì ni ìyẹn, orin kọ́. Níbẹ̀ ni a dé tí agogo fi lù, olúkúlùkù sì lọ sí kíláàsì rẹ̀. A kò rò pé ó gba tiwa. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó ronú sí èyí: ní àárín àwọn ọdún 1990, ṣáájú ikú Dáíró ní 1996, Yunifásítì Washington tí ó wà ní Seattle pè é kí ó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ọkùnrin tí kò parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè. Àwa tí a gbọ́ èdè rẹ̀ ni a fún ọmọ tí ó dárúkọ rẹ̀ ní òdo.

A kò lè dá máàkì yẹn padà. Ọmọ náà ti jáde, èsì ìdánwò náà sì ti di ohun àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí á kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún ìdánwò àṣedánrawò tí ń bọ̀, a sì ti kọ èyí. A óò lu apá àárín "Salome" lẹ́ẹ̀mẹta, a óò sì dá a dúró kí àwọn olórin tó dáhùn. (a) Fi dò, re, mí kọ ohùn gbólóhùn tí gángan sọ: máàkì mẹ́rin. (b) Kọ gbólóhùn Yorùbá méjì tí ohùn wọn bá ti gángan náà mu: máàkì mẹ́rin. (d) Èwo nínú méjèèjì ni ó bá orin ìfẹ́ mu jù, kí ni ó sì jẹ́ kí o mọ̀? Máàkì méjì. Nínú ìlànà ìmáàkì, a kọ ọ́ sí abẹ́ (b) pé akẹ́kọ̀ọ́ tí gbólóhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Dáíró, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ pé, gbọ́dọ̀ gba máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.